Kí Ìtọ́jú Ọkàn Dé Ìdí Òfì àti Ojú Agbo

Ó ti mọ́ wa lára pé ọjọ́ tí òṣèré tàbí olórin kan bá ṣubú tán la tó ń mọ̀ pé ó ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tipẹ́. Fọ́nrán á jáde lórí fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì á wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa bẹ àwọn aláàánú, owó díẹ̀ á wọlé, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀ títí yóò fi kan ẹlòmíràn. Àìsàn tó hàn lára nìkan ni irú ìdáwó yìí sì wà fún. Ẹni tí kò rí oorun sùn láti oṣù mẹ́ta, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kú sí iṣẹ́ tó fi ń jẹun, ẹni tí kò lè dé ojú agbo láìkọ́kọ́ mu tramadol, kò sí ẹni tó ń dáwó fún wọn, nítorí wọn kò lè sọ ọ́ síta. Ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn yìí ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, pàápàá bó ṣe kan Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí iṣẹ́ ọnà ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ fún ọ̀pọ̀ ìdílé láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Ìpinnu wa ni pé ìtọ́jú ọpọlọ fún àwọn oníṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ gba inú ẹgbẹ́ wọn kọjá, kó sún mọ́ ilé wọn, kó sì ti máa lọ kí wọ́n tó ṣubú rárá.

Bí a bá dárúkọ oníṣẹ́ ọnà, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ́kọ́ lọ sí Èkó, sọ́dọ̀ àwọn tí ojú wọn ń hàn lórí tẹlifíṣàn. Àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà ní Òkè-Ògùn kún fún wọn. Ìsẹ́yìn ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti ń wá ra aṣọ òfì, ìyẹn ẹtù, sányán àti àlàárì, àwọn ọ̀dọ́ tó ń hun ún sì ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Ṣakí ni ìlú Àlàbí Ògúndépò, tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ìjálá mọ̀. Àwọn onílù bàtá àti dùndún wà, àwọn eléégún aláré wà, àwọn akéwì orí rédíò wà, àwọn alága ìdúró àti alága ìjókòó wà, àwọn aránṣọ aláràbarà, àwọn ayàwòrán, àti àwọn ọmọ tó ń ya àwàdà kéékèèké sórí fóònù wọn nírètí pé ọjọ́ kan ayé á rí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọ̀gá tó ń sanwó oṣù, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, kò sì ní ilé iṣẹ́ tó máa béèrè ìdí tí wọn kò fi wá síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn ọkàn nínú wọn kàn máa ń pòórá díẹ̀díẹ̀ ni, àwọn oníbàárà á sì wá ẹlòmíràn.

Ìnira iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ ju ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ. Owó wọn kì í dé létòlétò. Àsìkò ìgbéyàwó àti ọdún lè mú iṣẹ́ wá débi pé ahunṣọ kò ní ráyè jẹun, kí oṣù díẹ̀ tún kọjá láìrí ẹni béèrè ẹyọ kan. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni iye òwú tó ń ti òkè òkun wá ti ń fò sókè, nígbà tí aṣọ tí ẹ̀rọ hun nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ṣe ní àfarawé òfì wa, ń wọ ọjà ní owó pọ́ọ́kú tí ẹni tó ń fi ọwọ́ hun kò lè gbà láé. Nígbà àrùn kòrónà ní 2020, tí wọ́n fòfin de àpéjọ, ọ̀nà ọ̀fun onílù, alága àti olórin wà lára èyí tó kọ́kọ́ dí. Lẹ́yìn ti owó, ẹrù mìíràn wà tí àwa oníbàárà kì í kà sí ẹrù. Oníjàlá tó ń sun ìrèmọ̀jé níbi ìṣípà ọdẹ ń fi ohùn ara rẹ̀ gbé ọ̀fọ̀ ilé onílé. Alága ìjókòó tó sin ìyá tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá gbọ́dọ̀ pa àwọn àna lẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yìí, torí ó ti gba àsansílẹ̀. À ń ra ẹ̀rín, ẹkún àti ìwúrí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, a kì í sì í béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí tiwọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ọnà ṣe lè dojú dé ẹni tó ń ṣe é, kó wo ìgbésí ayé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sàlá. Ní 1982 ó kó owó ńlá lé Ọ̀run Móoru, fíìmù tí Ọlá Balógun darí, nípa ọkùnrin kan tí àdánù owó lé dé bèbè ikú. Kí owó rẹ̀ tó lè padà wọlé, àwọn kan ti ṣe àdàkọ fíìmù náà láìgbàṣẹ, wọ́n ti ń tà á káàkiri ọjà. Ọkùnrin tó ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín bọ́ sínú gbèsè, kò sì padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀ títí ó fi kú ní 2018. Iye owó tó sọnù la ń sọ títí dòní nígbàkígbà tí a bá dárúkọ fíìmù yẹn. Ohun tí irú àdánù bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọkàn ẹni tó fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kan, a kì í sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n ń jí àwòrán òfì kọ́ lónìí, àti àwọn tó ń gbé orin ọlọ́rin sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀, ọgbẹ́ kan náà ni wọ́n ń dá sí àwọn ọmọ wa lára, bí tiwọn kò tilẹ̀ di ìròyìn.

Ẹ̀rí wà pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Westminster béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ 2,211 ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ orin. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 71 ló sọ pé àníyàn tàbí ìpayà òjijì ti bá àwọn jà rí, 68 sì sọ pé àwọn ti ní ìsoríkọ́. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa ìwádìí náà: àwọn tó dáhùn ló yan ara wọn, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti yára dáhùn ju ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ dín iye náà kù sí ìdajì, ó ṣì pọ̀. Ẹgbẹ́ Help Musicians tó gbé ìwádìí náà jáde kò dúró kí ìjọba tó ṣe nǹkan. Kí ọdún 2017 tó parí, wọ́n ti dá ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí oníṣẹ́ orin lè pè tọ̀sántòru, kí ó bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀.

Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣèwádìí láàrin nǹkan bí 5,000 àgbàlagbà ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń sọ èdè Yorùbá, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Ẹni méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn rí nígbà ayé rẹ̀. Nínú àwọn tí tiwọn le gan-an, bíi mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú gbà láàrin ọdún tó ṣáájú. Ìwádìí lórí oògùn olóró tí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ UNODC ṣe, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, tún fi hàn pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó burú jù lórílẹ̀-èdè yìí: 23 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàrin ọdún 15 sí 64 ló ti lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, nígbà tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ 14. A kò sọ pé oníṣẹ́ ọnà ni gbogbo wọn. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ òru, tí agbo ijó jẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọtí àti kóró lọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àpọ́nlé, sún mọ́ ewu náà ju akọ̀wé báǹkì lọ.

Ọ̀nà tí àìsàn ọkàn ń gbà yọjú láàrin wa náà ń dá kún un. Ní 1987, Dókítà R.O.A. Makanjuola kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn Yorùbá tí wọ́n sọ pé ọ̀dẹ orí ló ń ṣe àwọn: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lágbárí, etí ń hó, àyà ń já, oorun ò wá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ìsoríkọ́ àti àníyàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ń hun aṣọ kò ní wọ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kó sọ pé ìsoríkọ́ ń ṣe òun. Yóò sọ pé orí òun gbóná, pé ẹ̀yìn ń ro òun, pé oorun kò kun òun mọ́. Bí nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ kò bá ní ìmọ̀ láti béèrè síwájú sí i, oògùn ibà ni yóò gbé fún un. Bó bá sì jẹ́ kẹ́míìsì ló yà sí, ó ṣeé ṣe kó jáde pẹ̀lú egbòogi arainíro tí yóò di bárakú sí i lára. Báyìí ni àìsàn tí ọ̀rọ̀ díẹ̀ àti àbójútó lè wò ṣe ń dàgbà di èyí tí gbogbo àdúgbò ń sá fún.

Ta ló yẹ kó ti ṣe nǹkan? Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ ní oṣù Kìíní ọdún 2023, òfin tó rọ́pò èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ayé òyìnbó ní 1916, tó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè nínú àkọlé rẹ̀ gan-an. Òfin tuntun náà sọ pé aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú bíi ti aláìsàn mìíràn, pé a kò gbọdọ̀ lé e kúrò níbi iṣẹ́ tàbí ilé nítorí àìsàn rẹ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n dókítà ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 300 fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù, àwọn ìlú ńlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ẹni tó wà ní Ṣakí, Kíṣì tàbí Ìgbẹ́tì ní láti forí lé ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tàbí ti Aró ní Abẹ́òkúta, ìrìn àjò tó ń jẹ gbogbo ọjọ́ àti owó tí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró kò ní. Bákan náà, abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa ń pe ẹni tó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọ̀daràn tó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ẹbí tí ọmọ wọn bá wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ ro ti ọlọ́pàá kí wọ́n tó ro ti dókítà. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá pa abala náà rẹ́ láìfi falẹ̀.

Síbẹ̀, bí gbogbo dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà bá tilẹ̀ kó wá sí Òkè-Ògùn, wọn kò lè dá ṣe é. Ibi tí èrò wa ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń kígbe fún ilé ìwòsàn ńlá nìyí. Oníṣẹ́ ọnà ní ilẹ̀ Yorùbá kì í dá wà. Ahunṣọ ní ẹgbẹ́, onílù ní agbo ilé Àyàn àti ẹgbẹ́, ọdẹ ní ẹgbẹ́, òṣèré ní TAMPAN, alága ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ní ìpàdé, ìwé orúkọ, owó oṣù àti àṣà bíbẹ aláìsàn wò. Ohun tí wọn kò ní ni ẹni tí a kọ́ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀, àti ọ̀nà tó já láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìtàn tiwa fúnra wa fi hàn pé èyí ṣeé ṣe. Láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró. Dípò kó ti aláìsàn mọ́ ilé, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí kan tó tẹ̀ lé wọn wá, wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n sì ń padà sáàrin èèyàn. Gbogbo ayé ló wá wo ohun tó ṣe, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tó dá lójú nígbà náà ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ máa ń tètè gbádùn láàrin àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ síwájú. Láti 2006 ló ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ládùúgbò ní Harare láti jókòó lórí ìjókòó onípákó nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n fetí sí ẹni tí ìdààmú bá, kí wọ́n sì bá a to ìṣòro rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi rí èyí tó lè kọ́kọ́ yanjú. Wọ́n dán an wò láàrin 573 ènìyàn, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2016: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá náà ló ṣì ní àmì ìsoríkọ́, nígbà tó jẹ́ 50 láàrin àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ìyá kan nínú wọn tó lọ sí yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ìsẹ́yìn kò ṣaláìní irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, Òkehò kò ṣaláìní wọn, Tedé àti Ìgbòho náà kò ṣaláìní wọn.

Nítorí náà, ohun tí à ń dámọ̀ràn ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí a ó máa pè ní olùgbọ́, tí a ó kọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní èdè Yorùbá: bí a ṣe ń gbọ́rọ̀ láìdájọ́, bí a ṣe ń dá ìsoríkọ́, àníyàn àti oògùn tó ti di bárakú mọ̀, bí a ṣe ń béèrè tààrà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ro ikú, àti ìgbà tó yẹ kí a mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Ìlànà kan wà tí a kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹni tó ń pín iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́, bí alága, akọ̀wé tàbí ọ̀gá ìdí òfì, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí a ó máa sọ àṣírí fún. Onílù tó bá sọ pé ẹ̀rù agbo ń ba òun kò gbọdọ̀ bẹ̀rù pé wọn kò ní pe òun sóde ọ̀la. Ìlú wa kéré, ọ̀rọ̀ sì máa ń tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀kan péré bá ṣẹlẹ̀ tí àṣírí ẹnì kan jáde láti ẹnu olùgbọ́, ètò náà ti kú nílùú yẹn. Kí olùgbọ́ búra níwájú ẹgbẹ́, kí ìjìyà rẹ̀ sì wà ní àkọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ bá ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ lè lọ sí ìlú kejì, kí ará Ìsẹ́yìn lè lọ sí Òkehò, kí ará Ṣakí lè lọ sí Àgọ́-Àmọ̀dù, tàbí kó lo fóònù.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ayé ló ń ṣe oníṣẹ́ ọnà, pé ìlara pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, àdúrà tàbí ètùtù ló yẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. A kò ní fi ojú tín-ín-rín wo ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni, torí pé ọ̀dọ̀ wòlíì, àlùfáà tàbí oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ gbà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òjòó ní Ìbàdàn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 kò gbọdọ̀ kúrò lọ́kàn wa: ọlọ́pàá tú èèyàn tó lé ní 250 sílẹ̀ níbì kan tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe, níbi tí wọ́n ti tì wọ́n mọ́lé, tí ẹ̀wọ̀n irin sì wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ẹ̀sìn. Ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ wà, a sì ti dán an wò nílẹ̀ wa. Ní 2020, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní àgbègbè Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana, níbi tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn oníwàásù tó ń wo aláìsàn ti bá òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Ara àwọn tó wà lábẹ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ náà yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Kí nọ́ọ̀sì náà ṣáà ráyè wọlé.

Àtakò kejì máa ń wá látọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà fúnra wọn. Wọ́n gbà pé ìyà ló ń bí ọgbọ́n, pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti balẹ̀ jù kò ní lè kọ ewì tó dùn, àti pé nǹkan díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára kí ohùn tó jáde. Èrò yìí ti pa ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn. Òótọ́ ni pé ìbànújẹ́ lè di orin, ẹkún ìyàwó tí wọ́n ń sun nílẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn tó dá àṣà yẹn sílẹ̀ ṣe ṣètò rẹ̀: àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó wà yí i ká, àwọn òbí ń wúre fún un, ẹkún náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Àwọn baba ńlá wa kò fi ẹni tó ń sunkún sílẹ̀ ní òun nìkan. Ìbànújẹ́ tí kò ní òpin kì í kọ ewì, orí ibùsùn ló ń dá èèyàn dùbúlẹ̀ sí. Ní ti oògùn, kò sí ẹni tó jókòó sídìí òfì pẹ̀lú tramadol lára fún ọdún márùn-ún tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúró bí ó ṣe wà.

Àwọn mìíràn yóò bi wá pé kí ló dé tó fi jẹ́ oníṣẹ́ ọnà, nígbà tí àgbẹ̀ tí màlúù jẹ oko rẹ̀, àti ìyá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé lójú ọ̀nà, ń sunkún. Ìbéèrè tó tọ́ ni, a sì gbà pé ìrora àgbẹ̀ Òkè-Ògùn kò kéré. Ìdí tí a fi ní kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oníṣẹ́ ọnà ni pé ẹgbẹ́ wọn ti wà nílẹ̀, ohùn wọn sì ń dé ibi tí ohùn dókítà kò lè dé. Bí akéwì bá sọ lórí rédíò pé òun náà ti gba ìtọ́jú rí, tí alága ìjókòó sì sọ bẹ́ẹ̀ lóde ìgbéyàwó, ìtìjú tó yí ọ̀rọ̀ yìí ká yóò dín kù fún àgbẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì tí a bá kọ́ nítorí ahunṣọ kò sì ní lé àgbẹ̀ padà nígbà tó bá dé. Ìlànà mhGAP tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2010 fún irú iṣẹ́ yìí, wọ́n ti tún un ṣe kó bá ilẹ̀ wa mu, wọ́n sì ti dán an wò ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà nítòsí wa.

Ó ku ti owó. Òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 sọ pé gbogbo olùgbé Nàìjíríà ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ètò náà, ó sì dá owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára láti san. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àjọ adójútòfò tirẹ̀, OYSHIA. A rọ OYSHIA kó jẹ́ kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan lè forúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lápapọ̀, kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń dé, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà. Kí ìjókòó pẹ̀lú olùgbani-nímọ̀ràn àti oògùn ìsoríkọ́ sì wà nínú ohun tí káàdì náà ń san. Ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ dá tiwọn: ìwọ̀nba nínú owó òde kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó pín èyí tó kù. Àwọn tó ń ta fíìmù àti àwọn oníṣòwò aṣọ òfì ní Èkó àti Ìbàdàn, tí èrè wọn máa ń ju ti ẹni tó hun ún lọ, ní ojúṣe tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ fún ìfẹ́ ọkàn wọn nìkan. Kí ẹgbẹ́ ahunṣọ fi í sínú àdéhùn. Àwa oníbàárà náà, ẹni tó gba onílù kó máa san owó rẹ̀ lọ́jọ́ òde gan-an, torí gbèsè tí a ń jẹ oníṣẹ́ ọnà wà lára ohun tó ń jí oorun lójú wọn.

Ibi tí iṣẹ́ ti lè bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ yan ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní Ìsẹ́yìn àti òmíràn ní Ṣakí fún ọdún àkọ́kọ́, kí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH kọ́ nọ́ọ̀sì méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí dókítà ọpọlọ kan máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó sì wà lórí fóònù láàrin oṣù. Kí Òkè-Ògùn Polytechnic ní Ṣakí yá wọn ní gbọ̀ngàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùgbọ́. Kí àwọn ọba alayé, látorí Asẹ́yìn, pe àwọn olórí ẹgbẹ́ jọ, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ fún wọn pé ẹni tó bá wá ìtọ́jú kò pàdánù ààyè rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí ọdún bá pé, kí wọ́n ka iye ẹni tó wá, iye ẹni tó padà sídìí iṣẹ́ àti iye ẹni tí a kò rí mọ́, kí wọ́n sì fi èsì náà han gbogbo ìlú kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ yòókù tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ìwé ìròyìn yìí yóò máa béèrè èsì náà lọ́wọ́ OYSHIA àti ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a ó sì máa tẹ ohun tí wọ́n bá sọ jáde ní ojú ewé yìí.